Lẹ́tà tí a kọ sí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní àsìkò kónílé-ó-gbélé

Ilé alájà mẹ́ta ni ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìdílé mẹ́fà ni ó ń gbé ibẹ̀, méjì ní àjà kọ̀ọ̀kan; ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wa ń gbà wọlé, àtẹ̀gùn kan náà sì ni àwa ará òkè ń gùn. Èmi ni akọ̀wé àwọn ayálégbé. Mo tètè sọ èyí nítorí pé èmi ni mo kọ lẹ́tà tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú mi, mo sì rántí pé inú mi dùn sí bí gbólóhùn inú rẹ̀ ṣe gún régé.

Nígbà tí ìjọba Ṣáínà ti ìlú Wuhan pa ní ọjọ́ 23 oṣù Kínní ọdún 2020, ìròyìn òkèèrè ni ó jẹ́ létí wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Lágbàáyé kéde pé àrùn kòrónà ti di àjàkálẹ̀ káàkiri ayé, nígbà tí oṣù náà yóò sì fi parí, Ítálì, Sípéènì, Faransé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Íńdíà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ti pàṣẹ pé kí onílé ó gbélé. Àwa náà wọlé, a ti ìlẹ̀kùn.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí etí wa ṣe ṣí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń gbé ìsàlẹ̀, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń súfèé bí ó bá ń fọ abọ́. A mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí àtẹ̀gùn, a mọ ọmọ ọwọ́ tí ó ń sunkún lóru àti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń dìde sí i. Irú ìmọ̀ báyìí lè di ìfẹ́, ó sì lè di kí á máa ṣọ́ ara wa lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìkejì ni ó kọ́kọ́ dé.

Irin tí a ń dì mú lórí àtẹ̀gùn ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde, wọ́n ní àwọn ṣì rí kòkòrò àrùn náà láàyè lórí ike àti lórí irin tí kì í dípẹtà títí di wákàtí 72. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé orí fóònù gbogbo wa, ṣùgbọ́n “ọjọ́ mẹ́ta lórí irin” nìkan ni ó dé. Ohun tí ìwádìí kan náà tún sọ, pé kòkòrò náà ń dín kù kíákíá bí wákàtí ti ń lọ, kò bá a dé. Kò sì tíì yé wa nígbà náà pé èémí tí àwọn ènìyàn jọ ń mí níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé léwu ju ohun tí ọwọ́ kàn lọ. Irin ni a ń wò. Alága wa, tí ó ń gbé òkè pátápátá, bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, títí ó fi yọ̀ ṣubú lọ́jọ́ kan tí ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá irin náà mú. Ó fọ ọwọ́ náà títí awọ fi fẹ́ bó.

Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ ti alága ni obìnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan àwọn tí ó lè bí i lọ́mọ. Kí àrùn tó dé, kò sí ẹni tí kò tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí: ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná, ẹni tí ó fẹ́ kí ó bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí kò lè ka ohun tí dókítà kọ sára òògùn. Lálẹ́ tí ó bá lọ síbi iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ wá sí àjà kejì láti sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ilé tirẹ̀ kọjú sí tèmi, ẹni ọdún 74, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ Mọ̀mí pè é láti ibi tí kálukú wọn wà, wọ́n ní kí ọmọ nọ́ọ̀sì má wọlé tọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, nítorí àwọn àgbàlagbà ni àrùn náà ń pa jù, ìyẹn sì ti hàn gbangba ní Ṣáínà àti ní Ítálì. Mọ̀mí gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ń dá sùn lókè. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àjà mi nígbà tí agogo mọ́kànlá òru bá ti lù, tí ó ń lọ láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, tí ó sì ń padà. Mi ò béèrè ohun tí ó ń wá lẹ́nu ọ̀nà.

Àkókò yìí kan náà ni àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ìlú káàkiri ayé ń yọjú lójú fèrèsé ní agogo mẹ́jọ alẹ́ láti pàtẹ́wọ́ fún àwọn dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì. Àdúgbò wa náà gbà á. Àwa tí a wà nínú ilé yìí pàtẹ́wọ́ gan-an, alága tilẹ̀ ń fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò. Ẹni kan ṣoṣo tí àtẹ́wọ́ náà tọ́ sí láàárín wa ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti bí wákàtí kan ṣáájú. Ọmọ rẹ̀ ni ó máa ń dúró lójú fèrèsé òkè, tí òun náà ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wa.

Ọdún 2020 yìí ni Àjọ Ìlera Lágbàáyé ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kòrónà, nítorí pé ó pé 200 ọdún tí wọ́n bí Florence Nightingale. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, tí í ṣe Ọjọ́ Ìlera Lágbàáyé, àjọ náà gbé ìwé jáde pé nǹkan bí mílíọ̀nù 28 nọ́ọ̀sì ni ó wà láyé, pé ó sì ku nǹkan bí mílíọ̀nù 6 kí wọ́n tó tó. Mo gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò, mo ní ó mà ṣe o. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo kọ lẹ́tà.

Alága ni ó pè mí, ṣùgbọ́n kò pẹ̀ mí títí. Ó ní tọkọtaya ìsàlẹ̀, tí wọ́n ní ọmọ oṣù márùn-ún, kò lè sùn mọ́, pé nígbà kúùgbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ ni ìyàwó ń fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mi ò ní pe ìbẹ̀rù ìyá ọlọ́mọ ní ìwà ìkà. A kò sì dá nìkan wà nínú rẹ̀: ní Íńdíà, àwọn onílé lé àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì jáde, àwọn ènìyàn sì lu òṣìṣẹ́ ìlera débi pé ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pàjáwìrì ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, tí ó lè sọ ẹni tí ó bá ṣe wọ́n léṣe gidi sẹ́wọ̀n títí dé ọdún méje. Àwa kò na ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ni a kọ.

Ohun tí mo kọ nìyí: “A mọ rírì iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe fún ará ìlú. Síbẹ̀, nítorí ààbò gbogbo ilé, a ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ wá ibòmíràn tí ẹ óò máa gbé fún ìgbà díẹ̀.” “A rọ̀ yín” ni mo kọ́kọ́ kọ, mo pa á rẹ́, mo fi “a ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín” rọ́pò rẹ̀, mo rò pé ìyẹn ni yóò fi dùn ún gbọ́. Ìdílé mẹ́rin fọwọ́ sí i. Méjì nínú wọn, tọkọtaya náà àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń súfèé, kò tilẹ̀ ní ohun tí ó ń gbé wọn gun àtẹ̀gùn. Alága ní kí a má yọ Mọ̀mí lẹ́nu, nítorí náà a kò sọ fún un. Mo ti lẹ́tà náà sábẹ́ ilẹ̀kùn òkè nígbà tí mo mọ̀ pé onílé rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìwé kan lábẹ́ ilẹ̀kùn tèmi. Lẹ́tà mi ni, ó dojú bolẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dúró ṣánṣán bí ìgbà tí wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn:

“Agogo 6:15 ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jáde. Agogo 8:40 àárọ̀ ni mo ń dé. Mo ń wẹ̀ níbi iṣẹ́ kí n tó máa bọ̀, mo sì ń pàrọ̀ aṣọ. Aṣọ iṣẹ́ àti bàtà iṣẹ́ kì í bá mi wálé. Mi ò fọwọ́ kan irin àtẹ̀gùn láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹta. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń dúró níta títí yóò fi kọjá. Mò ń wọn bí ara mi ṣe gbóná sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Lánàá: 36.4, 36.6. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tí ó fọwọ́ sí ojú kejì ìwé yìí kọ tirẹ̀ báyìí.”

Lábẹ́ rẹ̀ ni ó fa ìlà mẹ́rin sí, ó kọ 1, 2, 3, 4 síwájú wọn, ó fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo.

Mo jókòó, mo mú bírò, mo ní màá kọ tèmi. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jáde lánàá. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta: mo lọ da ilẹ̀ nù, mo lọ gba páálí kan lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá, mo sì tún sọ̀ kalẹ̀ láti gbé lẹ́tà fún àwọn ará ìsàlẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ǹjẹ́ mo fọ ọwọ́ lẹ́yìn páálí? Mi ò rántí. Ìgbà wo ni mo wọn ara mi kẹ́yìn? Mi ò ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bọ́ sórí bírò tí ó wà lọ́wọ́ mi. Òun ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lò láti fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Láti ọwọ́ alága ni ó ti dé ọwọ́ mi, láti ọwọ́ mi ó dé ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin ìsàlẹ̀, tí ó ti ìdí rẹ̀ bọ ẹnu nígbà tí ó ń ka ìwé. Lẹ́yìn náà ni baba ọmọ oṣù márùn-ún gbà á, ó sì fi apá kejì gbé ọmọ náà. Kò sí ọ̀kankan nínú wa tí ó rí i. Nọ́ọ̀sì tí à ń sá fún ni gbogbo ojú wa wà lára.

Mo ya fọ́tò ẹ̀yìn lẹ́tà náà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta yòókù, mo sì kọ ọ̀rọ̀ bírò yẹn sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà fèsì lójú ẹsẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ pé mo fi sẹ́nu.” Alága kò fèsì títí di ìrọ̀lẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò sí lẹ́nu iṣẹ́, a ṣe ìpàdé kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kálukú dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, a ṣí fèrèsé àtẹ̀gùn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín wa bí ẹni ń fa omi. Ibẹ̀ ni Mọ̀mí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé tí mò ń gbé, ẹ ò sì pè mí?”

Alága ní, “Ẹ má bínú, Mọ̀mí. A ò fẹ́ kó ọkàn yín sókè ni.”

“Ó ti sókè kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ta ní ń sùn ti ọmọ yẹn lóru?”

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Mo lè sọ ohun tí mo ń gbọ́ lórí àjà mi lálaalẹ́. Mo pa ẹnu mọ́. Alága wá kọjú sí ilẹ̀kùn tó dojú kọ tirẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ dákun, ìbẹ̀rù ló fà á.” Obìnrin náà dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ìbòmú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè: “Ẹ̀rù ń ba èmi náà, sà. Lójoojúmọ́ ni.”

Ìyàwó ìsàlẹ̀ ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣe wá lóore jù. Kò tọrọ àforíjì. Ó béèrè ni: báwo ni wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ kí a tó gbé ọmọ, ìṣẹ́jú àáyá mélòó, irú ọṣẹ wo? Nọ́ọ̀sì ní ọṣẹ yòówù, ìṣẹ́jú àáyá 20, nítorí pé ọ̀rá ni ó bo kòkòrò náà lára, ọṣẹ a sì máa tú ọ̀rá ká. Láti orí ìbéèrè yẹn ni ìpàdé ti di ìpàdé iṣẹ́. A pín nínù irin àtẹ̀gùn láàárín ìdílé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba àtẹ̀gùn yóò kọ́kọ́ ké pé “Mò ń bọ̀ o!”, yóò sì dúró kí ó gbọ́ bóyá ẹnikẹ́ni yóò dáhùn. Àwa mẹ́rin tí a fọwọ́ sí lẹ́tà kọ tiwa sórí ìlà, irọ́ kò sì sí nínú èyí tí mo kọ. Ní ti ìbòmú, Àjọ Ìlera Lágbàáyé kò tíì sọ nígbà náà pé kí ẹni tí ara rẹ̀ dá máa lò ó, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ni wọ́n tó yí ìmọ̀ràn yẹn padà. Aṣọ ni àwa rán, a sì ń lò ó láti oṣù Kẹrin nítorí pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní kí a lò ó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà, Mọ̀mí fúnra rẹ̀ ni ó wá ojútùú rẹ̀. Ó ní bí wọn kò bá gbà kí ọmọ wọlé tọ òun, kò sí ẹni tí ó ní kí ohùn rẹ̀ má wọlé. Láti alẹ́ ọjọ́ kejì, ní agogo mẹ́sàn-án, ọmọ náà a pè é lórí fóònù, wọn a sọ̀rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà kálukú a gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí láìpa á, títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Owó ìpè náà, gbogbo ilé ni ó dá a. Mo ń gbọ́ wọn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

“Mọ̀mí, ṣé ẹ ti sùn?”

“Mo ti sùn.”

“Kí ló dé tí ẹ fi ń dáhùn?”

Ìrìn ẹsẹ̀ lórí àjà mi dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

N óò fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún kún un, nítorí pé àwọn tí mo ti ń sọ ìtàn yìí fún fẹ́ràn kí n dá a dúró síbi fóònù. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kó àrùn náà. Ó ń fọ ọwọ́ lọ́jọ́ kan ni ó ṣàkíyèsí pé òun kò gbóòórùn ọṣẹ mọ́. Kí àyẹ̀wò tó jáde ni ó ti kọ ọ́ sójú òpó WhatsApp ilé. Baba ọmọ ọwọ́ fèsì pé, “Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?” Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ní ìbẹ̀rù wa kò nídìí rárá ń parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di oṣù Karùn-ún, a ti mọ ohun tí a óò ṣe: ìyá àti ọmọ sé ara wọn mọ́lé, alága, ẹni tí ó sún mọ́ wọn jù, ń gba ohun tí wọ́n nílò sínú ìwé láàárọ̀, a sì ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà wọn, a kan ilẹ̀kùn, a sì sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó ṣí. Ara rẹ̀ yá láìdé ilé ìwòsàn. Àìsàn kò hàn lára ẹlòmíràn nínú ilé. Bóyá ètò wa ni, bóyá oríire ni, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ní oṣù Keje, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó sì sún sẹ́yìn dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Onílé nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ní àdúgbò mìíràn, ti fún ìyẹn ní ọjọ́ méje láti kó jáde. Ó fẹ́ kí n bá wọn kọ̀wé sí onílé náà. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ lẹ́tà kọ.” Mi ò mọ bóyá ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí kò fi ṣe é, mi ò sì béèrè. Mo kọ ọ́ lóru ọjọ́ náà, mo fi ìlànà tí ó kọ sẹ́yìn lẹ́tà wa sí i, láti wíwẹ̀ níbi iṣẹ́ títí dé 36.4. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn, ó ní ó dára, ó kàn ní kí n yọ “fi ìrẹ̀lẹ̀” kúrò.

Mo yọ ọ́. A fi lẹ́tà ránṣẹ́, onílé náà kò fèsì. Ọjọ́ keje pé, nọ́ọ̀sì náà sì kó jáde.